Ọwọ́ ènìyàn ló kọ òfin ìsọdọ̀kan ayé, ọwọ́ ènìyàn ló sì lè tún un kọ

Ẹ̀yin Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú akitiyan bí ẹ ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ tó kan gbogbo ayé kalẹ̀ ní èdè abínibí wa. Ọ̀rọ̀ ìsọdọ̀kan ayé, ìyẹn bí òwò, owó, ìròyìn àti ìrìn-àjò ènìyàn ṣe ń so gbogbo orílẹ̀-èdè pọ̀, tí àwọn òǹkọ̀wé yín àti àwọn òǹkàwé ẹlẹgbẹ́ mi ti ń jiyàn lé lórí láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, ni mo fẹ́ dá sí. Àwọn kan ń yìn ín pé òun ló mú ọjà pọ̀, tó mú ìbánisọ̀rọ̀ yá kánkán, tó sì yọ ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nínú ìṣẹ́. Àwọn mìíràn ń bú u pé òun ló pa iṣẹ́ ọwọ́, tó sì fi tálákà ṣe ẹrú fún ọlọ́rọ̀. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ìhà méjèèjì. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ìhà méjèèjì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa òjò tàbí ẹ̀fúùfù, àfi bí ẹni pé láti ojú ọ̀run ló ti wá, tí kò sì sí ohun tí ẹ̀dá lè ṣe sí i ju kó gbà á bó ṣe rí lọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ènìyàn ló jókòó ṣe é, wọ́n fọwọ́ sí ìwé lé e lórí, ìlú tí wọ́n ti fọwọ́ sí i àti ọdún tí wọ́n ṣe é kò sì pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tó wà níbẹ̀ ló gbé ìlànà kalẹ̀. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ ni wọ́n gbé e lé lórí.

Ní oṣù Keje ọdún 1944, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ṣì ń jà lọ́wọ́, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè 44 pàdé ní Bretton Woods ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fìdí Àjọ Ayánilówó Àgbáyé (IMF) àti Báńkì Àgbáyé sọlẹ̀. Ní ọdún 1947, orílẹ̀-èdè 23 tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pé àwọn yóò máa dín owó ibodè tí wọ́n ń gbà lórí ọjà ara wọn kù, àdéhùn náà ló sì ń gbilẹ̀ títí Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé (WTO) fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1995. Kí òǹkàwé fara balẹ̀ wo àwọn ọdún àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn. Ní 1944 àti 1947, èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Áfíríkà, pẹ̀lú apá ńlá nínú ilẹ̀ Éṣíà àti àwọn erékùṣù Karíbíánì, ló ṣì wà lábẹ́ àwọn amúnisìn, àwọn amúnisìn náà ló sì ń sọ̀rọ̀ lórúkọ wọn. Nígbà tí òmìnira dé, òfin tí wọn kò sí níbi tí wọ́n ti ṣe é ni wọ́n bá nílẹ̀. Títí di òní, ìpín owó tí wọ́n là sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan nínú Àjọ Ayánilówó Àgbáyé ni wọ́n fi ń wọn agbára ìbò rẹ̀. Amẹ́ríkà nìkan ló ní ohun tó lé ní ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò náà, bẹ́ẹ̀ àwọn ìpinnu tó lágbára jù gbọ́dọ̀ rí ìdá 85 kí wọ́n tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tó bá ṣe ìṣirò yìí yóò rí i pé orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo lè dá ohun tí gbogbo ìyókù fẹ́ dúró.

Kì í ṣe 1944 ni ayé bẹ̀rẹ̀ sí í fà mọ́ ara wọn. Láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún títí wọ ìkọkàndínlógún, ó lé ní mílíọ̀nù 12 ọmọ Áfíríkà tí wọ́n fi tipátipá kó sínú ọkọ̀ láti sọdá òkun Àtìláńtíìkì gẹ́gẹ́ bí ẹrú, òógùn wọn ni ṣúgà àti òwú tó sọ ọ̀pọ̀ ìdílé àti ìlú ní Yúróòpù di ọlọ́rọ̀. Kò sí bí a ṣe lè sọ ìtàn òwò àgbáyé kí a fo orí yìí dá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ́ wáyà tẹligíráàmù sí abẹ́ òkun Àtìláńtíìkì, tó sì dúró gbọn-in ní 1866. Wọ́n ṣí ọ̀nà omi Suez ní 1869. Owó, ọjà àti ènìyàn ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀ràn ìgbà náà gbà pé kò sí ohun tó tún lè dá irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ dúró mọ́. Ogun ọdún 1914 dá a dúró. Ní 1930, Amẹ́ríkà ṣe òfin tó gbé owó ibodè ga sókè gan-an, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn gbẹ̀san, òwò láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè sì wó lulẹ̀ ní àkókò tí ìyà ti ń jẹ àwọn ará ìlú tẹ́lẹ̀. Mo mú ìtàn yìí wá kí àwọn tó ń pariwo pé kí olúkúlùkù ti ibodè rẹ̀ pa lè rántí pé wọ́n ti tì í pa rí, kí àwọn tó sì ń sọ pé ohun tó wà lónìí kò ṣeé yí padà lè rí i pé ó ti yí padà rí.

Bí a bá béèrè ohun tó mú ìsọdọ̀kan ayé ti òde òní yára, ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dárúkọ kọ̀ǹpútà. Èmi yóò kọ́kọ́ dárúkọ àpótí irin tí wọ́n ń pè ní kọ̀ńténà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1956, ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n ń pè ní Ideal-X gbé kọ̀ńténà 58 láti Newark lọ sí Houston ní Amẹ́ríkà. Malcom McLean, oníṣòwò tó ń fi ọkọ̀ ilẹ̀ kó ẹrù, ló wà nídìí rẹ̀. Kó tó di ìgbà náà, èjìká ni àwọn òṣìṣẹ́ èbúté fi ń kó ẹrù, àpò lẹ́yìn àpò, àgbá lẹ́yìn àgbá, ọkọ̀ kan sì lè jókòó sí èbúté fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí wọ́n tó já ẹrù rẹ̀ tán. Nígbà tí àpótí tí gbogbo rẹ̀ dọ́gba dé, ẹ̀rọ ń gbé e látinú ọkọ̀ omi bọ́ sórí ọkọ̀ ilẹ̀ láìtú ohun tó wà nínú rẹ̀, owó ìkẹ́rù já wálẹ̀, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tó ń fi èjìká ru ẹrù ní èbúté káàkiri ayé. Láti ìgbà náà ni ilé iṣẹ́ ńlá ti lè pín iṣẹ́ kan ṣoṣo sí wẹ́wẹ́ láàárín orílẹ̀-èdè púpọ̀. Kóbáltì tó wà nínú bátìrì fóònù lè wá láti ilẹ̀ Kóńgò, níbi tí wọ́n ti ń wa èyí tó ju ìdajì kóbáltì ayé lọ. Wọ́n lè ṣe ọpọlọ fóònù náà ní Taiwan, kí wọ́n to fóònù pọ̀ ní Ṣáínà tàbí ní Vietnam, kí wọ́n sì kọ orúkọ ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà sí i lẹ́yìn. Ojú omi ni ohun tó lé ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ẹrù tí àwọn orílẹ̀-èdè ń tà fún ara wọn ń gbà. Nígbà tí ọkọ̀ Ever Given há sí ọ̀nà omi Suez ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 2021, ọjọ́ mẹ́fà péré ló lò níbẹ̀, síbẹ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ló tò sẹ́yìn rẹ̀, ilé iṣẹ́ tó wà ní ìkángun ayé kejì sì ń dúró de ohun èlò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ nípa èrè tó wà níbẹ̀, nítorí ẹni tó bá bo rere mọ́lẹ̀ kò ní rí ẹni gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ nígbà tó bá ń sọ ibi. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Báńkì Àgbáyé, ní ọdún 1990, ó lé ní ẹni mẹ́ta nínú mẹ́wàá ní ayé tó ń gbé nínú òṣì paraku. Nígbà tó di 2015, ó ti wálẹ̀ sí bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá. Ilẹ̀ Ṣáínà ni èyí tó pọ̀ jù nínú àyípadà yẹn ti ṣẹlẹ̀, òwò pẹ̀lú òkè òkun sì wà lára ohun tó mú un ṣeé ṣe, àmọ́ ìjọba Ṣáínà kò ṣí gbogbo ibodè rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Ó yan ohun tó ṣí, ó sì yan ìgbà tó ṣí i. Ní Bangladesh, iṣẹ́ aṣọ rírán fún àwọn ilé ìtajà Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fi owó oṣù sí ọwọ́ ọ̀kẹ́ àìmọye obìnrin tí kò ní irú owó bẹ́ẹ̀ rí. Èmi kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ pé èyí kò já mọ́ nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n ní Bangladesh yìí kan náà, ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 2013, ilé alájà mẹ́jọ kan tí wọ́n ń pè ní Rana Plaza wó pa ènìyàn 1,134. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ni àwọn òṣìṣẹ́ ti rí i tí ògiri ń sán. Báńkì àti ṣọ́ọ̀bù tó wà ní ìsàlẹ̀ ilé náà tilẹ̀kùn wọn. Àwọn aránṣọ ni wọ́n ní kó padà wọlé, nítorí aṣọ tí àwọn oníbàárà òkè òkun ń retí gbọ́dọ̀ lọ ní àsìkò. Nínú àwókù náà ni wọ́n ti rí orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ tí gbogbo ayé mọ̀, lára aṣọ tí wọn kò tíì rán tán. Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni ohun tó tẹ̀lé e. Kí oṣù Karùn-ún ọdún kan náà tó parí, àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí àdéhùn tí òfin dè wọ́n mọ́, pé kí àwọn olùyẹ̀wò tí kò sí lábẹ́ wọn máa yẹ ilé wò, kí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ síta. Nígbà tó yá, àwọn tó fọwọ́ sí i lé ní 200. Ilé tí wọ́n yẹ̀ wò pọ̀, ọ̀pọ̀ ni wọ́n sì tún ṣe. Bí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ bá tó láti ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ikú ènìyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, a jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n tó kú. Kò sí òfin ọrọ̀ ajé kankan tó dí i lọ́wọ́. Àwọn tó lágbára láti ṣe é ni kò tíì rí ìdí tó fi yẹ kí wọ́n ṣe é.

Ọ̀rọ̀ òwú tún fi hàn kedere pé òfin kan ṣoṣo kì í wúwo bákan náà lórí gbogbo ènìyàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba Amẹ́ríkà ń fi owó ìrànwọ́ gbọ̀ngbọ̀n ti àwọn àgbẹ̀ òwú rẹ̀ lẹ́yìn, èyí tó jẹ́ kí wọ́n lè ta òwú wọn ní iye tí àgbẹ̀ tí kò rí ìrànwọ́ kankan kò lè bá wọn figagbága. Ní 2002, Brazil gbé ẹjọ́ náà lọ sí Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé, ó sì jàre. Ní 2003, Benin, Burkina Faso, Chad àti Mali, orílẹ̀-èdè mẹ́rin tí ìgbé ayé ọ̀pọ̀ ará oko wọn dúró lórí òwú, gbé ẹ̀bẹ̀ tiwọn lọ síwájú àjọ kan náà. Brazil ní ọjà tó tóbi, ó sì lè halẹ̀ pé òun yóò gbẹ̀san lára ọjà Amẹ́ríkà. Nítorí náà ni Amẹ́ríkà ṣe san owó ìtùnú fún un, tí wọ́n sì fi mílíọ̀nù 300 dọ́là parí rẹ̀ ní 2014. Àwọn mẹ́rin ìyókù kò ní ohun tí wọ́n lè fi halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ìlérí ni wọ́n gbà. Àwọn tó ń sọ pé òfin ìṣòwò àgbáyé kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà yẹ kí wọ́n ka ẹjọ́ òwú yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ti owó kò gba àlàyé púpọ̀. Owó máa ń sáré ju ẹrù lọ, ìbẹ̀rù sì máa ń sáré ju owó lọ. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1997, ilẹ̀ Thailand jọ̀wọ́ owó rẹ̀ fún ọjà láti máa pinnu iye rẹ̀, kí ọdún náà sì tó parí, Indonesia àti South Korea ti ń tọrọ ẹ̀yáwó lọ́wọ́ Àjọ Ayánilówó Àgbáyé. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008, ilé ìnáwó Lehman Brothers ṣubú ní Amẹ́ríkà nítorí ẹ̀yáwó ilé tí wọ́n fún àwọn tí kò lè san án padà, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọ́ orúkọ Lehman rí. Àwọn àgbà wa sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Nínú ayé tó ti di ilé kan yìí, àwọn tí kò sùn pọ̀, àwọn tó sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ fún ẹni tó ń jẹ kòkòrò náà kéré jọjọ.

Ẹ wá wo ti ènìyàn fúnra rẹ̀. Ṣáájú ogun 1914, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ń sọdá ibodè ní Yúróòpù láìmú ìwé ìrìnnà dání, àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ọmọ Yúróòpù tí ebi àti ìṣẹ́ lé kúrò nílé ló sì wọ ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ayé tuntun níbẹ̀. Lónìí, àwọn ọmọ-ọmọ wọn ló ń ṣe òfin tó le jù láti dí ẹlòmíràn lọ́wọ́ kó má ṣe ohun tí baba-ńlá wọn ṣe. Nínú gbogbo ohun tó ń rìn káàkiri ayé, ọjà, owó, ìròyìn, àwòrán, ènìyàn ni ibodè rẹ̀ há jù, pàápàá tó bá jẹ́ tálákà. Bẹ́ẹ̀ owó tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní òkè òkun ń fi ránṣẹ́ sílé pọ̀ ju owó ìrànwọ́ tí àwọn ìjọba olówó ń fún àwọn orílẹ̀-èdè aláìní lọ jìnnà, owó náà sì ń dé ọwọ́ ìyá àti ọmọ ní tààrà. Mo rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn atukọ̀ ní ọdún 2020, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà mú kí ìjọba káàkiri ti ibodè pa. Ẹrù ń sọ̀kalẹ̀ ní èbúté bó ṣe yẹ, nítorí ayé nílò oúnjẹ àti oògùn. Ṣùgbọ́n nǹkan bí 400,000 atukọ̀ ni kò lè sọ̀kalẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀, àwọn kan nínú wọn sì lò ju ọdún kan lọ lójú omi láìfojú kan ẹbí wọn. Ọwọ́ wọn ni ọjà ayé fi ń dé ibi tó ń lọ, síbẹ̀ ọjà rí ọ̀nà gbà kọjá, àwọn kò rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ́ ìyè àti ikú ni ti ìmọ̀. Nígbà tí Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní 1995, àdéhùn kan tí wọ́n ń pè ní TRIPS wà lára ohun tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ tẹ́wọ́ gbà. Ó sọ pé ẹni tó bá hùmọ̀ nǹkan, oògùn pẹ̀lú, ló ni ín fún ó kéré tán 20 ọdún, ẹlòmíràn kò sì gbọdọ̀ ṣe é láìgba àṣẹ. Wọ́n fún àwọn orílẹ̀-èdè aláìní ní àsìkò díẹ̀ sí i, àmọ́ ibi tí wọ́n ń lọ kò yàtọ̀. Ní ìgbà náà gan-an ni àrùn éèdì ń pa àwọn ènìyàn ní Áfíríkà bí ẹni ń gé oko. Oògùn tó lè mú kí wọ́n wà láàyè ti wà, ṣùgbọ́n ó ń ná aláìsàn kan ní ohun tó ju 10,000 dọ́là lọ lọ́dún. Nígbà tí ìjọba Gúúsù Áfíríkà ṣòfin kí oògùn lè rọjú, àwọn ilé iṣẹ́ apoògùn gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ ní 1998. Wọ́n jẹ́ 39. Àwọn aláìsàn, àwọn dókítà àti àwọn ará ìlú yọ sí ìgboro ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2001, ilé iṣẹ́ Cipla ti ilẹ̀ Íńdíà kéde pé òun lè ta oògùn kan náà ní 350 dọ́là fún ọdún kan. Ní oṣù Kẹrin, àwọn ilé iṣẹ́ 39 náà kó ẹjọ́ wọn kúrò nílé ẹjọ́. Ní oṣù Kọkànlá, ní Doha, Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé kọ ọ́ sílẹ̀ pé àdéhùn TRIPS kò gbọdọ̀ dí ìjọba kankan lọ́wọ́ láti dáàbò bo ìlera àwọn ènìyàn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kò ṣeé fọwọ́ kàn ní ọdún mẹ́ta ṣáájú ni wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ yìí. Ìdí tí mo fi ń sọ pé ọwọ́ ènìyàn ló kọ òfin wọ̀nyí nìyí.

Ó dùn mí pé ayé tètè gbàgbé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, Íńdíà àti Gúúsù Áfíríkà tún lọ bẹ àjọ kan náà pé kí wọ́n gbé òfin ẹ̀tọ́ onímọ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ìgbà díẹ̀ lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára, oògùn àti ohun èlò ìdènà àrùn Kòrónà. Oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni ìdáhùn tó dé, abẹ́rẹ́ nìkan ni wọ́n sì fi mọ. Nígbà tí ọdún 2021 fi ń parí, tí àwọn orílẹ̀-èdè olówó ti ń fún àwọn ènìyàn wọn ní abẹ́rẹ́ ìkẹta, kò tó ẹnì kan nínú mẹ́wàá ní àwọn orílẹ̀-èdè tó tòṣì jù tó tíì rí ẹyọ kan gbà. Àrùn kò béèrè físà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìwòsàn ló ń béèrè.

Lórí àṣà àti èdè, èmi kò sí lára àwọn tó ń sunkún pé ọ̀dọ́ ń gbọ́ orin ilẹ̀ òkèèrè. Orin ti ń rìn láti ìgbà ìwáṣẹ̀, àṣà tí kò bá gba àlejò kì í pẹ́ gbẹ. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ yàtọ̀ sí èyí. Nínú nǹkan bí 7,000 èdè tí ayé ń sọ, díẹ̀ péré ni ẹ̀rọ gbọ́, díẹ̀ péré ni ènìyàn lè fi wá ìmọ̀, fi gba ìwé àṣẹ, tàbí fi ṣòwò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, nǹkan bí ìdajì ohun tó wà níbẹ̀ ló sì jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó bá rí i pé èdè ìyá òun kò ṣílẹ̀kùn kankan yóò jọ̀wọ́ rẹ̀ láìsí ẹni tó fi pàṣán lé e. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ya ọdún 2022 sí 2032 sọ́tọ̀ fún èdè àwọn ọmọ onílẹ̀. Inú mi dùn sí i, àmọ́ owó àti iṣẹ́ ẹ̀rọ ló kù tó yẹ kó tẹ̀lé ìkéde náà.

Àwọn kan yóò sọ pé kò sí ìgbà tí àwọn alágbára lè gbà láti ṣe ohun tó tọ́. Wọ́n ti gbà rí. Nígbà tí Amẹ́ríkà àti Soviet ń dojú ohun ìjà kọ ara wọn, àwọn méjèèjì jọ fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé títí wọ́n fi lé àrùn ṣàńpọ̀nná kúrò láyé. Ọdún 1980 ni wọ́n kéde pé ó ti tán. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Montreal ní 1987 láti dá gáàsì tó ń ba ìbòrí òfúrufú tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn jẹ́ dúró, fún àwọn orílẹ̀-èdè aláìní ní àsìkò tó gùn jù, wọ́n sì dá owó jọ láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Gbogbo orílẹ̀-èdè ayé ló padà fọwọ́ sí i, ìbòrí náà sì ti ń sàn. Ìyàtọ̀ tí mo rí láàárín èyí àti ọ̀rọ̀ òwú ni pé níbí, wọ́n ro ti aláìní mọ́ ọn nígbà tí wọ́n ń kọ ìwé, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ ọ́ tán.

Kí ló wá kù tí a lè máa béèrè fún? Àkọ́kọ́ ni pé kí ilé iṣẹ́ tó ń jèrè lórí ọjà máa dáhùn fún ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ṣe ọjà náà, bó ti wù kó jìnnà tó. Ilẹ̀ Faransé ti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 2017, ti ilẹ̀ Jámánì sì bẹ̀rẹ̀ ní 2023. Àwọn oníṣòwò ń rojọ́ pé ó ń ni àwọn lára, ìròjọ́ wọn sì ti ń mú kí àwọn olóṣèlú kan fẹ́ sọ òfin náà di yẹpẹrẹ. Ohun tó ń ni wọ́n lára yẹn ni àwọn aránṣọ Rana Plaza fi ẹ̀mí wọn rù fún wọn tẹ́lẹ̀. Èkejì ni owó orí. Ilé iṣẹ́ kan lè tajà fún mílíọ̀nù ènìyàn ní orílẹ̀-èdè kan, kó sì kọ èrè rẹ̀ sílẹ̀ ní erékùṣù kékeré tí wọn kì í ti í gba owó orí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, ó lé ní 130 orílẹ̀-èdè tó fohùn ṣọ̀kan pé kí owó orí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá má ṣe kéré sí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, àmọ́ OECD, àjọ tí àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ pọ̀ jù nínú rẹ̀, ló darí ìjíròrò náà. Nítorí ìdí èyí ni àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe gbé àbá lọ sí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pé ibẹ̀, níbi tí ìbò orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ti jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, ni kí wọ́n ti kọ àdéhùn owó orí tuntun. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, orílẹ̀-èdè 125 dìbò fún un, 48 dìbò lòdì sí i, àwọn olówó ló sì pọ̀ jù nínú àwọn 48 náà. Ìwé ìròyìn mélòó ló gbé e sí ojú ewé àkọ́kọ́?

Ìbéèrè yìí ló mú mi kọ̀wé sí yín ju sí ẹlòmíràn lọ. Nígbà tí ìjọba bá fẹ́ fọwọ́ sí àdéhùn òwò, ẹ̀yìn ayẹyẹ ni àwọn ará ìlú sábà máa ń gbọ́, àwòrán àwọn olórí tó ń bọwọ́ ni wọ́n sì máa ń rí, kì í ṣe ohun tó wà nínú ìwé. Àgbẹ̀ kò mọ̀ pé wọ́n ti pa owó ibodè tó ń dáàbò bo ohun ọ̀gbìn rẹ̀ rẹ́. Aránṣọ kò mọ̀ pé aṣọ òkèèrè yóò wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Aláìsàn kò mọ̀ pé oògùn rẹ̀ yóò wọ́n sí i fún ọdún mélòó kan. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin Olóòtú, kí ẹ ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ẹ ní kí ẹni tó mọ òfin àti ẹni tó mọ ọrọ̀ ajé jọ jókòó ti irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ ní orí kọ̀ọ̀kan sí èdè tí gbogbo wa gbọ́, kí wọ́n sọ ẹni tí yóò jèrè àti ẹni tí yóò pàdánù, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ jáde nígbà tó ṣì jẹ́ àbá, kí àyè tó dí láti bá àwọn aṣojú wa sọ̀rọ̀.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín tòótọ́